Ọ̀rọ̀ Mẹ́rin Tí Ó Ń Gé Ẹ̀mí Ọkọ̀ Àgbà Kúrú: Àyẹ̀wò Èdè-Ìperí Ìtọ́jú Ọkọ̀ ní Alábàtà

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó ti rin ìrìn púpọ̀ ṣe lè pẹ́ sí i lọ́wọ́ ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Orí ọ̀rọ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó dé orí irin, nítorí pé bí ènìyàn bá ti ń pe nǹkan ni ó ṣe ń tọ́jú rẹ̀. A ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ mẹ́rin wà lẹ́nu àwa onímọ́tò àti àwọn mẹkáníìkì wa, tí ìtumọ̀ tí a ń gbé wọ̀ wọ́n ń mú kí a náwó sí ibi tí kò yẹ, kí a sì háwọ́ níbi tí ó yẹ kí a ti náwó. Àwọn ọ̀rọ̀ náà ni tòkunbọ̀, àtúnṣe, omi rédíétọ̀ àti tẹmositáàtì. Bí a ti ń yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wò ni a ó máa ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí a ó sì máa dábàá ọ̀rọ̀ mìíràn níbi tí èyí tí a ní kò bá tó.

Alábàtà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọdẹ́dá, ni a fi ṣe ibùdó àlàyé wa. Níbẹ̀ ni Yunifásítì Ìmọ̀ Ọ̀gbìn ti Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1988 wà, ní nǹkan bí kìlómítà 15 sí àárín ìlú Abẹ́òkúta. Láràárọ̀ ni àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ń wakọ̀ láti ìgboro lọ síbẹ̀, tí wọ́n sì ń padà ní ìrọ̀lẹ́. Bí a bá wo ìrìn yìí dáadáa, a ó rí i pé ohun mẹ́rin tí ó ń jẹ ọkọ̀ run ni ó pé sínú rẹ̀. Èkíní, ìrìn náà kúrú, ìdúró inú rẹ̀ sì pọ̀. Èkejì, orí òkè àti inú àfonífojì ni wọ́n tẹ ìlú Abẹ́òkúta dó sí, nítorí náà búréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì kì í sinmi. Ẹ̀kẹta, eruku ilẹ̀ pupa ń bo ọ̀nà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀kẹrin, ooru ilẹ̀ wa kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rí ibi tú ìgbóná rẹ̀ dànù sí ní ìrọ̀rùn.

Ọ̀rọ̀ yìí sì kan àpò ènìyàn. Ní oṣù Karùn-ún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Lítà epo tí kò tó náírà 200 tẹ́lẹ̀ kọjá náírà 600 kí ọdún náà tó parí, iye náírà sì tún já wálẹ̀ sí owó ilẹ̀ òkèèrè. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti ń ronú àtipààrọ̀ ọkọ̀ ni ó ti di èyí tí ó ní mú ṣinṣin. Ó yẹ kí olùkọ́ àti ògbufọ̀ lè fi èdè Yorùbá ṣàlàyé fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ bí yóò ti ṣe é.

2. Tòkunbọ̀

Ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ tí a sì gbé wálé ni Yorùbá ń sọ ní Adétòkunbọ̀ tàbí Ọlátòkunbọ̀. Orúkọ yìí ni àwọn ènìyàn mú, tí wọ́n fi ń pe ọkọ̀ àlòkù tí a kó wá láti òkè òkun. Kò sí ìgbìmọ̀ kan tí ó jókòó dá a. Ọjà ni ó bí i, ó sì ta yọ ní ẹwà. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó gbilẹ̀, ọkọ̀ tuntun ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń lépa. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, ní ọdún kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, tí ọkọ̀ rẹ̀ tí a ń pè ní Ìjàpá sì gba ìgboro kan. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ láàárín 1980 sí 1989, ọkọ̀ tuntun kọjá agbára olówó oṣù, ọkọ̀ àlòkù tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gba Kútọnu wọlé sì rọ́pò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣi ni lọ́nà ni pé ọmọ tuntun ni ó ń rán ni létí. Ẹni tí ó ra tòkunbọ̀ a máa pa adìẹ, a máa ṣe ìdúpẹ́, a sì máa bá ọkọ̀ náà lò bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà lè ti rin 200,000 kìlómítà kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Aka-ìrìn rẹ̀, èyíinì ni ohun tí ó ń ka iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn, kì í ṣe ẹ̀rí tí a lè gbára lé pátápátá, nítorí pé ènìyàn lè dá a padà sẹ́yìn. Ohun tí ó sàn kí a wò ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, tí ó ní àmì 17. Lórí ọkọ̀ tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ni ó ń sọ ọdún tí a kà ọkọ̀ náà sí.

A dábàá pé kí a máa pe ọkọ̀ tí ó bá ti rin ìrìn púpọ̀, ìbáà ṣe tòkunbọ̀ tàbí èyí tí a ti ń lò nílé, ní ọkọ̀ àgbà. Àgbà kì í ṣe òkú, kì í sì í ṣe ọmọdé. Ó ní ohun tí ó lè jẹ, ó sì ní ohun tí ó ti di èèwọ̀ fún un. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ọkọ̀ àgbà ni òun rà yóò gbà pé ẹnikẹ́ni kò tíì tọ́jú rẹ̀ rí, àfi bí ìwé bá wà tí ó fi hàn pé wọ́n ti tọ́jú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni yóò pààrọ̀ ọ́ìlì àti asẹ́ rẹ̀, asẹ́ afẹ́fẹ́, omi búréèkì, àti ohun tí ó wà nínú rédíétọ̀.

Yóò sì béèrè nípa bẹ́líìtì táímínì. Bẹ́líìtì onírọ́bà yìí ni ó ń mú kí písítìnì àti fáàfù máa ṣiṣẹ́ pọ̀ ní ìgbà tí ó yẹ, bí ìgbà tí onílù méjì ń lu ìlù kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ìwé ọkọ̀ ni ó ní kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 100,000 kìlómítà. Bí ó bá já lórí ìrìn, nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, písítìnì yóò gbá fáàfù, yóò sì ṣẹ́ ẹ. Owó bẹ́líìtì kan kéré púpọ̀ sí owó ẹ́ńjìnnì. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí ó jẹ́ pé ṣéènì irin ni wọ́n ń lò dípò bẹ́líìtì. Kí a ṣe ìwádìí èyí tí tiwa jẹ́ kí a tó náwó.

3. Àtúnṣe àti Ìtọ́jú

Gbólóhùn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lẹ́nu onímọ́tò ni pé òun fẹ́ lọ tún ọkọ̀ òun ṣe. Ohun tí ó bàjẹ́ ni à ń tún ṣe. Bí ọkọ̀ kò bá bàjẹ́, gbólóhùn náà kò ní ìtumọ̀, olówó rẹ̀ kò sì rí ìdí tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ọ̀rọ̀ kan sì ti wà nínú èdè wa tí ó bá ohun tí ó yẹ kí ó ṣe mu. Ìtọ́jú ni ọ̀rọ̀ náà. A ń tọ́jú ọmọ tí ara rẹ̀ le, a ń tọ́jú oko tí èso rẹ̀ dára. A ní láti ya àwọn ọ̀rọ̀ méjì yìí sọ́tọ̀ nínú èdè-ìperí wa: ìtọ́jú ni iṣẹ́ tí ọjọ́ tàbí kìlómítà ń pè, àtúnṣe ni iṣẹ́ tí ìbàjẹ́ ń pè. Bí ti àkọ́kọ́ bá pọ̀, ti ìkejì yóò dín kù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ṣe àpẹẹrẹ. Inú ẹ́ńjìnnì kún fún irin tí ó ń fara gbo irin. Ìfaragbora yìí ni ó ń mú ìgbóná wá, òun náà ni ó ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ ọ́ìlì ni láti dúró láàárín irin méjì kí wọ́n má baà kan ara wọn. Ó tún ń kó èérí kúrò lára irin, ó sì ń gbé lára ìgbóná ẹ́ńjìnnì lọ. Bí ó ti ń ṣe èyí ni èérí ń pọ̀ nínú rẹ̀, tí àwọn èròjà ìfọ̀ tí wọ́n fi sí i sì ń tán. Ìrìn kúkúrú bíi ti Alábàtà tún ń dá kún un: epo tí ó ń jó ń mú omi díẹ̀ jáde, bí ẹ́ńjìnnì kò bá sì gbóná pẹ́ tó, omi náà kì í rí àyè di oruku kí ó sì jáde, inú ọ́ìlì ni yóò wà. Nítorí náà, fún ọkọ̀ àgbà tí ó ń rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ nínú eruku àti ooru, a gbà á nímọ̀ràn pé kí a pààrọ̀ ọ́ìlì àti asẹ́ rẹ̀ ní 5,000 kìlómítà, tàbí ní oṣù mẹ́fà, èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé.

Ìki ọ́ìlì ni ọ̀rọ̀ tí a dábàá fún bí ọ́ìlì ti nípọn tó àti bí ó ti ń ṣàn. Nọ́ńbà méjì tí a ń rí lára agolo, bíi 20W-50, ìki ni wọ́n ń sọ. Ti ìṣáájú ń sọ bí ọ́ìlì náà yóò ti ṣàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Ti ìkejì ń sọ bí yóò ti ki tó nígbà tí ó bá gbóná dé 100°C. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ni 20W-50 bá lára mu ní ilẹ̀ olóoru. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tí ojú ọ̀nà ọ́ìlì wọn tínrín, ọ́ìlì tí ó ki jù kì í tètè dé orí ẹ́ńjìnnì ní àárọ̀. Ìwé ọkọ̀ ni ó yẹ kí ó jẹ́ adájọ́.

Kí a máa fa ọ̀pá ìwọn-ọ́ìlì yọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, kí ọkọ̀ sì wà lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Àwọn mẹkáníìkì a máa sọ pé ẹ́ńjìnnì “ń mu ọ́ìlì”; ọ̀rọ̀ yìí dára, kí ẹnikẹ́ni má pa á dà. Bí èéfín bá ń rú bí aró, ọ́ìlì ni ó ń jó. Bí ó bá dúdú, epo bẹntiróòlù ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ wo asẹ́ afẹ́fẹ́ bóyá eruku ti dí i. Bí ó bá funfun tí kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ohun tí ó yẹ kí ó wà ní rédíétọ̀ ti ń wọ ibi tí epo ti ń jó. Ẹ̀ẹ̀kẹta yìí kò ṣeé fi dọ̀la.

4. Omi Rédíétọ̀

Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí ni ó ti pa ẹ́ńjìnnì jù. A pe ohun tí ó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ní omi, nítorí náà omi ni a ń bù sí i: omi kànga, omi ẹ̀rọ, omi inú ọ̀rá. Kí ni ó burú nínú rẹ̀? Omi tí ó ti gba inú àpáta àti ilẹ̀ kọjá ti kó àwọn èròjà ilẹ̀ bíi kásíọ́ọ̀mù àti maginísíọ́ọ̀mù mọ́ra. Bí ó bá gbóná, èròjà wọ̀nyí a máa lẹ̀ mọ́ irin, bí èérí funfun tí ó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tù. Lẹ́yìn náà, omi lásán ń mú kí irin dípẹtà. Èérí àti ìpẹtà yìí ni ó ń dí ojú ihò tínríntínrín tí ó wà nínú rédíétọ̀. Omi inú ọ̀rá mọ́ fún mímu, ṣùgbọ́n mímọ́ fún mímu kì í ṣe àìní èròjà ilẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ ni àdàlú omi tí kò ní èròjà ilẹ̀ àti èròjà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, tí ó sì ń jẹ́ kí àdàlú náà pẹ́ kí ó tó hó. A dábàá pé kí a máa pè é ní oje amútutù. Oje ni Yorùbá ń pe omi inú igi, èyí tí ó ń rìn nínú igi tí ó sì ń gbé e ró. Kò sí ẹni tí ó jẹ́ gbìyànjú àtibu omi kànga dípò oje igi. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti yí padà lẹ́nu, ọwọ́ náà yóò yí padà. Ọdún méjì méjì ni a ń pààrọ̀ èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú wọn. Bí ó bá di kàráǹgídá lójú ọ̀nà, omi òjò tí a gbè mọ́ tónítóní sàn ju omi kànga lọ, nítorí pé kò tíì gba inú ilẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n kí a rántí fi oje tòótọ́ rọ́pò rẹ̀.

Ìdérí rédíétọ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ìfúnpá ni ó ń pa mọ́ sínú. Omi a máa hó ní 100°C nínú ìkòkò tí a ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìfúnpá inú rẹ̀ bá fi ìlọ́po kan ju ti afẹ́fẹ́ ìta lọ, kò ní í hó títí yóò fi dé nǹkan bí 120°C. Nítorí náà, ìdérí tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó lè mú kí ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ le máa hó lórí òkè. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Èyí náà ni ìdí tí a kì í fi í ṣí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná: bí ìfúnpá bá lọ lójijì, omi tí ó ti kọjá ìwọ̀n ìhó yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì tú sí ni lójú.

Bí abẹ́rẹ́ ìwọ̀n ìgbóná bá ti gòkè kọjá ibi tí ó máa ń wà, kí awakọ̀ dúró, kí ó sì pa ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí ó ní òun yóò sáré dé ilé ni orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí a fi alumíníọ́ọ̀mù ṣe, ń wọ́. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

5. Tẹmositáàtì

Bí ọkọ̀ bá ń hó, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì a máa yọ ohun kékeré kan sọnù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, wọn a sì ní kò wúlò ní ilẹ̀ olóoru, pé nítorí òtútù ilẹ̀ àwọn òyìnbó ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kò sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò ní alágbàwí. A dábàá pé kí a máa pè é ní oníbodè ooru. Láyé àtijọ́, odi yí Abẹ́òkúta ká, oníbodè sì wà ní ẹnubodè tí ó ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò, tí ó mọ ìgbà tí a ń ṣílẹ̀kùn àti ìgbà tí a ń tì í. Iṣẹ́ kan náà ni èyí ń ṣe. Ìda wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ilẹ̀kùn wà ní títì, oje amútutù kò sì dé rédíétọ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè tètè móoru. Bí ó bá gbóná dé nǹkan bí 82°C sí 90°C, ìda yóò yọ́, yóò wú, yóò sì ti ilẹ̀kùn ṣí.

Bí a bá yọ oníbodè kúrò, ẹ́ńjìnnì kì í tètè dé ìwọ̀n ìgbóná tí a ṣe é fún. Omi yóò máa dúró nínú ọ́ìlì, irin yóò máa jẹ, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò sì máa rò pé àárọ̀ kò tíì lọ, yóò máa tú epo sí i ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí epo wọ́n báyìí, ẹni tí ó yọ ọ́ ń sanwó rẹ̀ lójoojúmọ́ láìmọ̀. Òótọ́ ni pé oníbodè lè kú sí ipò títì, kí ó sì mú ọkọ̀ hó. Ilé ìdáná ni a ti lè dá ẹjọ́ rẹ̀: kí a fi okùn so ó kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná. Bí omi bá ti sún mọ́ híhó tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì ṣí, ó ti kú. Kí a ra òmíràn. Bí ó bá ṣí, kò jẹ̀bi. Kí a wá ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ sọ́dọ̀ rédíétọ̀, fáànù tàbí ìdérí.

6. Ètò Ìnáwó

Bí owó kò bá tó gbogbo iṣẹ́, ètò ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Èkíní ni ohun tí ó lè pa ènìyàn: búréèkì, táyà àti ìdarí ọkọ̀. Omi búréèkì a máa fa ọ̀rinrin mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú rẹ̀, ó lè hó nígbà tí a bá ń tẹ búréèkì sọ̀kalẹ̀ òkè, ẹsẹ̀ búréèkì yóò sì rọ̀ wọlẹ̀. Ọdún méjì ni a ń pààrọ̀ rẹ̀. Bí a bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè gígùn, kí a lo jíà kékeré, kí ẹ́ńjìnnì bá búréèkì dá ọkọ̀ dúró. Ní ti táyà, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀ tí ó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí a ṣe é: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún 2019. Táyà àlòkù tí ó dán lè ti pé ọdún mẹ́wàá, rọ́bà rẹ̀ a sì ti gbó láti inú.

Èkejì ni ohun tí ó lè pa ẹ́ńjìnnì: ọ́ìlì, oje amútutù, bẹ́líìtì àti rọ́bà omi. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ó ń jẹ epo: asẹ́ afẹ́fẹ́, pílọ́ọ̀gì, àti táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó ìwọ̀n tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Ọ̀dà àti ohun ọ̀ṣọ́ ni ó kẹ́yìn.

Kí onímọ́tò ní ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀, tí yóò máa kọ ọjọ́, iye kìlómítà, iṣẹ́ tí a ṣe àti owó rẹ̀ sí. Ìwé yìí ni yóò sọ ìgbà tí ó tó láti jáwọ́. Àṣìṣe ni kí a máa fi owó àtúnṣe wé iye tí a lè ta ọkọ̀ náà. Iye tí yóò ná wa láti ní òmíràn tí ó sàn jù ú lọ ni kí a fi wé e. Ṣùgbọ́n bí ìpẹtà bá ti wọ egungun ọkọ̀, ìṣirò parí nìyẹn.

7. Àgbálọgbábọ̀

Irvin Gordon, olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà, ra ọkọ̀ Volvo P1800 ní 1966. Ní 2013, ọkọ̀ kan náà pé 3,000,000 máìlì lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí ó lé ní 4,800,000 kìlómítà. Òótọ́ ni pé ọ̀nà gbọọrọ ni ó ń rìn púpọ̀, tí ọ̀nà tiwa kò sì rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìtọ́jú tí ìwé ọkọ̀ là sílẹ̀, ní àkókò rẹ̀, ni ó ń ṣe.

Ní ti èdè, a kò sọ pé kí a lé gbogbo ọ̀rọ̀ àyálò jáde. Písítìnì, kílọ́ọ̀ṣì àti búréèkì kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Kí wọ́n jókòó. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́, bí omi, tàbí tí kò sọ nǹkan kan, bí tẹmositáàtì, ni iṣẹ́ wà fún wa. Àwọn tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbé e fún ni àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ń bẹ lábẹ́ ọkọ̀, nítorí pé ẹnu wọn ni ọ̀rọ̀ yóò ti yè tàbí kú.

Àkójọ èdè-ìperí tí a lò:

aka-ìrìn: ohun tí ó ń ka iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn.
asẹ́: ohun tí ó ń sẹ́ èérí kúrò nínú afẹ́fẹ́ tàbí ọ́ìlì.
ìfaragbora: kí irin máa fi ara gbo irin.
ìfúnpá: agbára tí afẹ́fẹ́ tàbí ohun tí ń ṣàn fi ń ti ohun tí ó yí i ká.
ìki: bí ohun tí ń ṣàn ti nípọn tó.
ìtọ́jú: iṣẹ́ tí a ń ṣe kí ìbàjẹ́ tó dé.
oje amútutù: àdàlú tí ó ń gbé ìgbóná ẹ́ńjìnnì lọ sí rédíétọ̀.
oníbodè ooru: ohun tí ó ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀ tí ó sì ń tì í, gẹ́gẹ́ bí ìgbóná ẹ́ńjìnnì bá ti tó.
ọkọ̀ àgbà: ọkọ̀ tí ó ti rin ìrìn púpọ̀.